Mo ti yọ tẹlifíṣọ̀n lára iná, kí ló dé tó ṣì gbé mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọṣẹ́ ni mí ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọ̀gá mi ní tí mo bá ti yọ ọ́ lára iná, kí n ka ení dé ẹ̀wá kí n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Mo kà á pé lánàá, síbẹ̀ iná gbé mi, ọwọ́ mi kú tipiri. Níbo ni iná yẹn ti wá? Ìgbà wo ni kapásítọ̀, ẹ̀yà tó ń gba iná pamọ́ lórí bọ́ọ̀dù, máa ń ṣófo?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kapásítọ̀ gìdìgbà tó wà nítòsí ibi tí iná ti ń wọ bọ́ọ̀dù ló gbé ọ. Iná 230 fólítì tí dáyóòdù ti sọ di DC, ìyẹn iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, máa ń kún inú rẹ̀ tó bíi 325 fólítì. Ká ní 220 µF (bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó) ni wọ́n kọ sí i lára, tí rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín ṣíṣàn iná kù) 220 kΩ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fa iná náà dà nù. Nígbà tí o bá fi ka ẹ̀wá tán, ohun tó kù nínú rẹ̀ ṣì ju 260 fólítì lọ.

Wo tánkì ńlá kan tí a fi họ́ọ̀sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ìdí drọ́ọ̀mù òfìfo. Omi á kọ́kọ́ tú yaa. Bí omi inú drọ́ọ̀mù ṣe ń ga bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rọra wọlé, títí á fi máa kán tó, tó. Bí kapásítọ̀ ṣe ń gba iná nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń tú u sílẹ̀: kíákíá níbẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà. Rẹsísítọ̀ ńlá ni họ́ọ̀sì tín-ín-rín, kapásítọ̀ ńlá sì ni drọ́ọ̀mù fífẹ̀. Fi iye ohm sọ iye farad di púpọ̀, iye sẹ́kọ́ńdì tí yóò jáde ni òdiwọ̀n bí ó ṣe máa yá tàbí pẹ́ tó.

Má kàn gbà mí gbọ́, dán an wò pẹ̀lú bátìrì 12 fólítì, rẹsísítọ̀ 10 kΩ àti kapásítọ̀ 1000 µF, 25 fólítì. Jẹ́ kí iná bátìrì gba inú rẹsísítọ̀ wọ kapásítọ̀. Ẹsẹ̀ kapásítọ̀ tí wọ́n fa ìlà sí ni kó lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè bú gbàmù. 10 kΩ jẹ́ 10,000 ohm, 1000 µF sì jẹ́ 0.001 farad; 10,000 lọ́nà 0.001 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 10. Gbé mítà lé kapásítọ̀ náà: ní sẹ́kọ́ńdì 10 wàá rí bíi 7.6 fólítì, ní 20 wàá rí 10.4, ní 30 wàá rí 11.4. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń rá pálá ni. Ó di sẹ́kọ́ńdì 50 kó tó dé 11.9. Wá yọ bátìrì, kí o fi rẹsísítọ̀ yẹn so ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 10, 4.4 ló kù. Lẹ́yìn 20, 1.6.

Ó yá, bọ́ọ̀dù rẹ ńkọ́? 220,000 lọ́nà 0.00022 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 48. Ìlọ́po márùn-ún ìyẹn, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ló máa fi ku bíi fólítì méjì. Rédíò kékeré tó ń lo 12 fólítì ni ẹ̀wá tí ọ̀gá rẹ ń kà tọ́ sí, níbi tí kò ti sí ohun tó máa ṣe ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí rẹsísítọ̀ yẹn bá sì ti já, ojú ọ̀nà dí nìyẹn. Iná lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Má fi sukurudíráfà so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ o. Mo ti ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́: ó dún bí ìbọn, ẹnu irin náà jẹ, bọ́ọ̀dù sì bàjẹ́ sí i. Rẹsísítọ̀ 2 kΩ, 10 watt, tí o jó mọ́ wáyà méjì tó ní rọ́bà dáadáa lára ni kí o lò. Gbé e lé ẹsẹ̀ méjèèjì fún sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, ọwọ́ kejì ní àpò. Lẹ́yìn náà, fi mítà wò ó ní DC. Dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún un wò, torí kapásítọ̀ irú èyí máa ń sọ jí díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá rò pé ó ti kú.