Áàpù Mẹ́ta, Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta: Èwo Ni Kí N Gbàgbọ́ Kí N Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òṣogbo ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì, a sì máa ń gbé e lọ sórí omi dáàmù Erinlẹ̀ l'Ẹ́dẹ ní ọjọ́ Sátidé. Tí iléèwé bá gba ọlidé lóṣù kẹjọ, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Èkó, ká wọkọ̀ lọ sí etíkun Tarkwa Bay. Áàpù ojú ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí fóònù mi. Ọ̀kan á ní òjò ń bọ̀, èkejì á ní oòrùn ni, ẹ̀kẹta kò ní sọ ibi tó dúró sí. Èwo ni kí n gbàgbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbójú kúrò lára àwòrán òjò àti oòrùn yẹn ná. Òjò kọ́ ló ń dojú ọkọ̀ kékeré dé. Afẹ́fẹ́ ni, àti ìgbì tí afẹ́fẹ́ bá gbé dìde. Áàpù tí kò bá sọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe le tó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ sá aṣọ ló wúlò fún.

Kò sí èyí tó ń wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ nínú wọn. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ńláńlá ni wọ́n ń yá lò. Méjì tí ẹ ó máa rí jù ni GFS ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, àti ti àjọ ECMWF ti àwọn ará Yúróòpù. Tí áàpù mẹ́ta bá fẹnu kò, ẹ má tíì yọ̀, ó lè jẹ́ kànga kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fa omi. Èyí tí mo fọkàn tán ni èyí tó kọ orúkọ orísun rẹ̀ síbẹ̀, tó sì jẹ́ kí ẹ lè gbé GFS àti ECMWF sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí áàpù Windy ti ń ṣe. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ ohun kan náà láti àná, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń yí ohùn padà láàárọ̀ lálẹ́, a jẹ́ pé ọjọ́ náà kò tíì dá wọn lójú. Tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀, bá sì kéde ìjì, àríyànjiyàn ti parí.

Ẹ tún wo aago tó wà lórí áàpù. Tí ẹ bá rí UTC tàbí Z, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ẹ fi wákàtí 1 kún un kó tó di aago tiwa.

Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ wind sí, ìlà kan wà tí wọ́n ń kọ gusts sí. Knot ni wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́. Ká ní ti òkè jẹ́ knot 8, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 25. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àmọ́ ó lè rọ́ dé lójijì pẹ̀lú 25 yẹn. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po 4. Nítorí náà, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi pinnu. Lójú tèmi, tó bá ti kọjá knot 15, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan, ọkọ̀ kékeré tó gbé ọmọdé kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté.

Ní ti Erinlẹ̀, kò sí áàpù tó lè sọ fún yín pé ìjì yóò wọ orí omi yẹn ní aago mẹ́ta àbọ̀. Igun-igun ni ECMWF pín ayé sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9, ìkùukùu tó kéré sí ìyẹn kì í hàn sí i dáadáa. Ohun tó sì léwu jù níbẹ̀ ni ẹ̀fúùfù tó ń ṣáájú òjò, pàápàá láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti láti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ wa máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ìjì yìí láti ìlà-oòrùn ló ń bọ̀. Tí ẹ bá wà lórí omi l'Ẹ́dẹ, apá Òṣogbo àti Iléṣà ni kí ojú yín máa wà. Ó lè sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan, èyí tó túmọ̀ sí pé òjò tó ń rọ̀ n'Iléṣà lè ká yín mọ́ kí wákàtí kan tó pé. Ẹ wo àwòrán sátẹ́láìtì kí ẹ tó já okùn ọkọ̀, kí ẹ sì pe ẹni tí ẹ mọ̀ n'Iléṣà, kí ẹ bi í bí ojú ọ̀run wọn ṣe rí. Ìpè yẹn ṣe pàtàkì lójú mi ju áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Bó bá ń bọ̀, ooru á mú, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ lọ gbári, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkùukùu dúdú á dábùú ojú ọ̀run ní ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù á lù yín lójú, omi ọ̀ọ́kán á ṣókùnkùn, á sì máa hó bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí ẹ bá dúró dìgbà náà, ó ti pẹ́. Àrá àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ yí orí ọkọ̀ padà, torí ibi tí ìró àrá bá dé, mànàmáná náà lè dé ibẹ̀. Ọ̀sán sí alẹ́ ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, nítorí náà ẹ máa lọ láàárọ̀.

Ti Èkó yàtọ̀. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́ nílé, àwọn èèyàn máa ń rò pé òkun náà á rọlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjì tó jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ló ń rán ìgbì ìgbà yẹn wá, ó sì ti rin ọjọ́ mélòó kan kó tó dé. Oòrùn lè máa ràn, kí ewé má mì, kí ìgbì sì ga. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya bo etíkun Kuramo ní Victoria Island, tó gbé èèyàn lọ.

Ibi tí wọ́n kọ swell, ìyẹn ìgbì òkun, sí lórí áàpù ni kí ẹ wò. Gíga tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìgbì tó ga jù, ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù ni. Bí wọ́n bá kọ mítà 1.5, ọ̀kan nínú wọn lè sún mọ́ mítà 3. Wọ́n á tún kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ 5 tàbí 6, afẹ́fẹ́ ìtòsí ló gbé e dìde. Tó bá tó 14, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, á sì tún ga sí i tó bá dé ibi tí omi kò jìn.

Ògiri òkúta ẹnu ọ̀nà èbúté ń dáàbò bo Tarkwa Bay fúnra rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń ṣàn jáde, tó pàdé ìgbì tó ń wọlé láti òkun, ìgbì á dúró ṣánṣán, ọkọ̀ á sì máa fò. Ẹ wá àtẹ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà ní Èkó, kí ẹ kọjá nígbà tó bá ń kún. Gbogbo yín, àtàgbà àtọmọdé, ẹ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì láti èbúté, kí ẹ sì ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tí ẹ bá fẹ́ san owó ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó pé tí ìgbì bá ga láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọjọ́ kejì lẹ máa lọ. Tí kò bá gbà, ẹ wá ọlọ́kọ̀ mìíràn.