Ẹ wo òjìji kí ẹ tó wo ohun tó ń fò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ta ló jàre nínú àríyànjiyàn fọ́tò McMinnville, fọ́tò àtijọ́ láti Amẹ́ríkà tí àwọn kan ní ó gbé UFO (ohun tó ń fò lójú ọ̀run tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀) hàn, ẹ sì ní kí n bá yín wo èyí tí ọmọ yín yà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Ọmọ àbúrò mi ló ya iná mẹ́ta tó tò sójú ọ̀run láti pálọ̀ ilé wọn n'Íbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi gbèjà fọ́tò náà, àfi bíi pé èmi ni mo yà á. Mo bá àna mi jà, mo ní ojú rẹ̀ ò ríran. Ìgbà tó yá ni mo lọ dúró gan-an níbi tí ọmọ náà dúró sí, ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo gbé fóònù sókè. Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ. Mo ní kí wọ́n pa gílóòbù pálọ̀. Àwọn náà kú lójú ẹsẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ló ń gbé iná àjà hàn! Àna mi ò wí nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ti McMinnville wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Paul Trent àti Evelyn ìyàwó rẹ̀, àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, sọ pé ìrọ̀lẹ́ 11 May 1950 ni nǹkan náà kọjá lókè oko àwọn. Fọ́tò méjì péré. William Hartmann, onímọ̀ ìràwọ̀, yẹ nẹ́gátíìfù (fíìmù) fọ́tò náà wò fún ìwádìí Yunifásítì Colorado lórí UFO. Ó ní ó jọ pé nǹkan náà jìnnà, ṣùgbọ́n kò lè búra pé wọn ò gbé e kọ́. Robert Sheaffer, tí kì í gba ọ̀rọ̀ UFO gbọ́, ní tirẹ̀ ò tiẹ̀ wo òkè. Òjìji abẹ́ etí òrùlé gáréèjì inú fọ́tò náà ló wò, ó ní oòrùn àárọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ táwọn Trent wí. Bruce Maccabee, onímọ̀ físíìsì, fèsì pé ìkùukùu tó mọ́lẹ̀ ní ìlà-oòrùn lè fa irú òjìji bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ èmi ò gbà. Wáyà tó gba orí nǹkan náà kọjá nínú fọ́tò méjèèjì ló ń dà mí láàmú jù, nítorí ibẹ̀ gan-an lèèyàn á ti so okùn.

Tọmọ yín, èyí tó ti WhatsApp wá yìí ò wúlò: WhatsApp ti fún un pọ̀, ó sì ti nu àkókò tí wọ́n yà á kúrò. Kó fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ sì bá mi bi í: ṣé gíláàsì wà níwájú rẹ̀ nígbà tó ń yà á?