MOT mi kò tíì tán, kí ló dé tí ọlọ́pàá fi já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tọdọọdún níbí ní UK, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ti èṣí tán. Ọkọ̀ náà kò yege. Wọ́n ní táyà iwájú méjèèjì ti jẹ tán, iná bíréèkì apá òsì kò sì tàn. Owó kò sí lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo wá rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí MOT èṣí ṣì wà nílẹ̀, mo lè máa fi ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ títí owó oṣù á fi wọlé. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọlọ́pàá dá mi dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà, ó fi irin kan wọ̀n ọ́n, ó sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi: £100 àti pọ́íǹtì mẹ́ta lórí láísẹ́ǹsì mi. Mo fi hàn án lórí fóònù pé MOT mi kò tíì tán, kò tilẹ̀ wò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má san kọ́bọ̀, kí n gbé e lọ sí kóòtù. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò ìwakọ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti wa ọkọ̀ nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó wá. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Leeds)

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa tù yín nínú: ẹ kò ṣìnà lórí ọjọ́ MOT yín. Ìwé ti èṣí ṣì lágbára títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Àyẹ̀wò tuntun tí ọkọ̀ náà kò yege kì í pa á rẹ́. Èyí tí kò ní tù yín nínú ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ti MOT rárá.

Ẹ mú un jáde kí ẹ kà á dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá mú pé kò ní MOT, £100 ni tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kò sí pọ́íǹtì níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, owó ìtanràn náà lè gòkè dé £1,000. Pọ́íǹtì mẹ́ta tí ẹ rí lórí tiyín ló tú àṣírí: ti táyà ni. Ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lábẹ́ òfin. Ọ̀kan ń béèrè bóyá ọkọ̀ yìí ní ìwé. Èkejì ń béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí ẹ ń wà á lójú títì. Ẹ lè gba MOT láàárọ̀ yìí, kí táyà sì kó yín sí wàhálà nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá náà kò fi wo fóònù yín. Ohun tí kò béèrè lẹ ń fi hàn án.

Ẹ wá mú ìwé tí gárééjì fún yín lẹ́yìn àyẹ̀wò náà jáde pẹ̀lú. Láti 20 oṣù Karùn-ún 2018 ni wọ́n ti ń pín àbùkù ọkọ̀ sí ìsọ̀rí. Ìmọ̀ràn lásán wà, àbùkù tí wọ́n ń pè ní 'Minor' sì wà, tí kò ní kí ọkọ̀ má yege ṣùgbọ́n tó yẹ kí ẹ tètè tún ṣe. 'Major' ló ń já ọkọ̀ kulẹ̀. Lókè pátápátá ni 'Dangerous' wà: ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ ìyẹn fún kò gbọdọ̀ gun títì títí wọ́n á fi tún un ṣe. Iná bíréèkì kan ṣoṣo tí kò tàn, 'Major' ni. Táyà tó jẹ kọjá ààlà, 'Dangerous' ni. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ààbọ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí gov.uk pé ẹ lè gbé ọkọ̀ tí kò yege lọ bí MOT àtijọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé kò gbọdọ̀ sí 'Dangerous' kankan lórí ìwé náà. Ààbọ̀ kejì yìí ni kì í dé etí àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ fún ara wọn.

Ààlà táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mìlímítà 1.6. Jíjìn ilà ara táyà ni wọ́n ń wọ̀n, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó wà láàárín fífẹ̀ rẹ̀, yí táyà náà ká. Bí ẹ kò bá ní irin ìwọ̀n, ẹ ki owó ẹyọ 20p bọ inú ilà náà. Bí ẹ bá ṣì ń rí etí owó náà tó yọ yí i ká, táyà yẹn ti fẹ́ sọ yín di oníbàárà mi.

Àwọn kan á sọ fún yín pé òfin gbà kí èèyàn wa ọkọ̀ tí kò yege lọ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n MOT nìkan ni ìyọ̀ǹda yẹn bò. Ó wà fún ẹni tí ìwé rẹ̀ ti tán, tó ti bá gárééjì ṣe àdéhùn, tó sì ń lọ tààrà fún àyẹ̀wò tàbí fún àtúnṣe. Kò bo táyà tó ti jẹ tán tàbí bíréèkì tí kò mú. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni ẹ̀yin sì ń lọ.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ yín. Ó fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n owó yín ló fẹ́ fi ṣeré. Bí ẹ bá lọ sí kóòtù tí wọ́n sì dá yín lẹ́bi, owó ìtanràn táyà kan lè dé £2,500. Owó ẹjọ́ wà lẹ́yìn ìyẹn, àti àfikún tí wọ́n ń pè ní surcharge, tó jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtanràn náà. Táyà méjì lẹ sọ pé ó jẹ tán. Tíkẹ́ẹ̀tì yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, ẹyọ kan ló jọ pé ó wà fún. Èmi kò ní jí ajá tó ń sùn bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwa lọ́yà máa ń kọ́kọ́ wò nínú ẹjọ́ táyà. Abala 48 nínú Road Traffic Offenders Act ti 1988 sọ pé kóòtù kò ní fi pọ́íǹtì sórí láísẹ́ǹsì ẹni tó bá lè fi hàn pé òun kò mọ̀ nípa àbùkù náà, tí kò sì sí ohun tó yẹ kó mú òun fura. Owó ìtanràn ṣì lè wà, pọ́íǹtì ni kò ní sí. Ẹni tó gba ọkọ̀ ilé iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí táyà rẹ̀ sì jẹ láti inú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó, lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ẹ̀yin kò lè rí i. Ẹni tó ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ yín ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, ọjọ́ wà lórí ìwé náà, ó sì ti wọ inú kọ̀ǹpútà DVSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó MOT, kí ẹ tó kúrò ní gárééjì. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ yín lè lọ sórí gov.uk, kó rí i pé kò yege, kó sì rí ìdí rẹ̀. Ìwé tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan kan torí pé MOT èṣí wà, òun gan-an ni agbẹjọ́rò ìjọba máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sí ìgbà kankan tó yẹ kéèyàn lọ jà. Bó bá jẹ́ pé táyà náà kò jẹ dé ààlà rárá, tí ẹ sì ní ẹ̀rí, bíi ti gárééjì tó wọ̀n ọ́n tó rí mìlímítà 2, mo máa bá yín gbé e lọ sí kóòtù pẹ̀lú ìdùnnú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà á náà nìyẹn. Àṣìṣe lẹ́tà kan nínú orúkọ òpópónà tàbí nínú orúkọ yín kì í pa tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni èyí tí ẹ fẹnu bà fẹ̀rẹ̀ lópin: ọdún tó kọjá lẹ yege ìdánwò níbí. Òfin àwọn awakọ̀ tuntun ti 1995 sọ pé ẹni tó bá ní pọ́íǹtì mẹ́fà láàárín ọdún méjì sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ yege, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. DVLA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó láísẹ́ǹsì, ló ń gbà á, lẹ́tà ni wọ́n sì máa fi ránṣẹ́; kò sí adájọ́ tí ẹ máa dúró níwájú rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé iṣẹ́ yín máa bọ́. Ẹ ó padà di akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó tún ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà àti ti ojú títì. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ka ara wa mọ́ awakọ̀ tuntun, torí pé a ti wa ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Kánò kí a tó wọ bàálù. Òfin yìí kò mọ ìyẹn. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ níbí fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fìdí kalẹ̀; lẹ́yìn náà, ìdánwò ibí ni wọ́n ń kà, ọjọ́ tí ẹ sì yege rẹ̀ ni ọdún méjì yín bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wọ gov.uk kí ẹ wo láísẹ́ǹsì yín. Bó bá mọ́, tí kò sí pọ́íǹtì kankan lórí rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ san £100 náà kí ọjọ́ 28 tó pé, kí ẹ gba pọ́íǹtì mẹ́ta, kí ẹ sì máa fi ìṣọ́ra wakọ̀ títí ọdún méjì yẹn á fi pé. Bí ẹ bá dákẹ́ títí ọjọ́ 28 fi kọjá, owó náà lè fi ìdajì lé, kó di £150. Àmọ́ bí pọ́íǹtì mẹ́ta mìíràn bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má san o. Sísan yẹn ló máa pé e ní mẹ́fà. Ẹ lọ rí lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kan náà, torí pé kóòtù lágbára láti fòfin de èèyàn láti wakọ̀ fún ìgbà kúkúrú dípò kó fún un ní pọ́íǹtì, ìyẹn sì lè ṣàǹfààní fún awakọ̀ tuntun ju pọ́íǹtì lọ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá lọ tọrọ.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kà á tán tí ẹ rí i pé táyà méjèèjì ni wọ́n kọ, tí wọ́n pè yín sí kóòtù lórí wọn, ẹ má tíì ṣe ìṣirò mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́ta. Fún ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pọ́íǹtì èyí tó ga jù nínú wọn ni kóòtù sábà máa ń kà. Adájọ́ láṣẹ láti ro wọ́n pọ̀, nítorí náà ẹ má dá lọ síbẹ̀.

Ti iná bíréèkì kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, fún irú gílóòbù tó kú bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá lè fún èèyàn ní ọjọ́ 14 láti tún un ṣe, kí gárééjì MOT lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọwọ́ ọlọ́pàá tó dá yín dúró ló wà, ẹ kò lè fi dandan gbà á. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù náà lónìí, kí ẹlòmíràn má tún fi dá yín dúró.

Ní ti ọkọ̀ náà, ẹ má wà á dé gárééjì. Àwọn fọkanáísà tó ń gbé táyà wá sílé pọ̀ níbí; owó wọn lè ju ti ṣọ́ọ̀bù díẹ̀, kò lè tó tíkẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò táyà tuntun. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e padà síbi tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Bí ẹ bá padà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ àyẹ̀wò tó parí, àtúnyẹ̀wò táyà àti iná kì í gba owó; ó jọ pé ìyẹn ti kọjá fún yín. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì owó àyẹ̀wò lọ. Bí ìyẹn náà bá ti kọjá, odindi àyẹ̀wò ni, kò sì gbọdọ̀ ju £54.85 lọ. Great Britain ni ètò MOT yìí wà fún o. Northern Ireland ní ètò tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọkọ̀ náà ya ẹnikẹ́ni kó tó dáa, ì báà ṣe àbúrò yín. Ẹni tó wà á jẹ̀bi, ẹni tó gbà á láyè kó wà á náà lè jẹ̀bi.

Nígbà tí ìnṣọ́ránsì bá tó tún ṣe, wọ́n máa bi yín bóyá ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì tàbí pọ́íǹtì kankan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. CU30 ni àmì tí táyà máa ń gbà lórí láísẹ́ǹsì, ọdún mẹ́rin ló sì ń lò níbẹ̀ láti ọjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ dáhùn bó ṣe rí. Owó tí wọ́n máa fi kún un lè dùn yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá purọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan.