Èsì: Aldon Morris àti ìmọ̀ nípa ìwọ́de
Ẹ bi wá bóyá ẹni tí ó fi ìwọ́de ṣe kókó ìwádìí rẹ̀ lè dé ipò gíga ní yunifásítì. Ó lè débẹ̀ dáadáa. Ẹ wo Aldon Morris, aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Mississippi, tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1980, tí ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà ní 2021. Ìwé rẹ̀ ti 1984 ni mo kà sí òpómúléró: ó fi hàn pé ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fún ẹ̀tọ́ wọn kò ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni owó, aṣáájú àti ètò ti wá, àní láti ìgbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ní ìlú Baton Rouge, ní Louisiana, ní 1953, láti fi tako ìyàsọ́tọ̀ nínú ọkọ̀, ṣáájú irú rẹ̀ tí ó wáyé ní ìlú Montgomery, ní Alabama.