Ọmọ ajá tó ń gbọ̀n lẹ́yìn tí a fi oògùn eégbọn pa á lára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ra ọmọ ajá Alsatian kan, ọmọ ọ̀sẹ̀ 7, lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ajá tà. Nígbà tí mo gbé e dé ilé wa ní Ìkòròdú, mo rí i pé eégbọn kún inú etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà bu oògùn olómi fún mi sínú ìgò kékeré kan tí kò ní ìwé lára, ó ní kí n fi pa á láti ọrùn dé ìdí ìrù. Kò tó wákàtí méjì tí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbé e mọ́, ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Màmá mi ní kí a rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti gbé e lọ síbi omi, ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì jẹun. Ní báyìí, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, irun ibẹ̀ sì ń re. Ṣé ewu ti kọjá? Ṣé oògùn náà ló burú ni? Kí ni mo sì lè fi pa àwọn eégbọn tó ṣẹ́ kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o, ẹ sì bá mi kí àbúrò yín, nítorí omi àti ọṣẹ yẹn ló gba ọmọ ajá náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín kejì, nítorí orí rẹ̀ ni ìyókù dúró lé. Mi ò lè sọ pé oògùn náà burú, nítorí mi ò mọ oògùn tó jẹ́, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ ọ́n. “Oògùn eégbọn” kì í ṣe orúkọ oògùn kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, oríṣiríṣi oògùn ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà pa eégbọn yàtọ̀, ọ̀nà tó ń gbà ṣe ajá léṣe yàtọ̀, ohun tí dókítà yóò sì fi gba ajá náà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, àwọn àmì tí ẹ kà sílẹ̀ ń tọ́ka síbì kan. Itọ́ tó ń dà, ìgbẹ́ gbuuru, gbígbọ̀n àti ẹsẹ̀ tí kò ṣe é gbé, tí gbogbo wọn dé láàárín wákàtí méjì, jọ ìṣe àwọn oògùn ìdílé organophosphate, nínú èyí tí diazinon àti dichlorvos wà. Nǹkan kan wà nínú ara ajá, bó ti wà nínú ara tiwa náà, tí ń paná àṣẹ tí iṣan ọpọlọ bá pa fún ẹran ara, ní kété tí ẹran ara bá ti jẹ́ àṣẹ náà tán. Àwọn oògùn yìí a máa de nǹkan ọ̀hún mọ́lẹ̀, àṣẹ kan a sì máa dún lọ láìdákẹ́, bí omi ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó lè tì í. Ìdí nìyẹn tí itọ́, omijé, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ fi ń dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹran ara ń ta kìjí, tí ihò dúdú àárín ẹyinjú sì ń súnkì títí yóò fi rí bí orí abẹ́rẹ́.

Nítorí màlúù àti àgùntàn ni wọ́n ṣe ń ta diazinon jù, omi púpọ̀ ni wọ́n sì ní kí a fi là á kí a tó fi wẹ ẹran. Bí ẹni tó bù ú fún yín kò bá sọ ìwọ̀n omi, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògidì rẹ̀ lẹ fi pa ọmọ ọ̀sẹ̀ 7. Dichlorvos ní tirẹ̀ ni wọ́n ń rò sínú ọ̀pọ̀ òtapiápiá. NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kéékèèké ní ọdún 2019, àmọ́ mo ṣì ń rí àwọn tó ń fi í pa ajá lẹ́yìn. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tó bójú mu lára ajá, ì báà ṣe ajá tó tóbi tó ewúrẹ́.

Ká ní amitraz ni, èyí tí wọ́n tún máa ń tà lọ́jà ẹran, ohun tí ẹ máa rí ì bá yàtọ̀: ọmọ ajá a máa tòògbé, ara rẹ̀ a tutù, ọkàn rẹ̀ a máa lù jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Atropine tí à ń gún fún ajá tí organophosphate bá mú lè dá kún ìnira èyí tí amitraz mú. Yohimbine wà lára ohun tí a fi ń gba ajá lọ́wọ́ amitraz. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé inú èèpo igi kan tó ń hù nínú igbó tiwa níhìn-ín, ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àyẹ̀wò àṣejù ni dókítà ń ṣe nígbà tó bá ń béèrè orúkọ oògùn.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ti ìwọ̀n, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ. Ọmọ ajá kì í ṣe àgbà ajá tí a gé kúrú. Bí a bá fi awọ rẹ̀ wé bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó, awọ náà pọ̀ ju ti àgbà ajá lọ, ó sì fẹ́lẹ́, nítorí náà ohun tí a fi pa á a tètè wọ inú ara. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó fọ́ májèlé náà túútúú kò tíì gbó. Ọ̀rá kò tíì pọ̀ lára rẹ̀, òtútù tètè ń mú un, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ tí kò bá jẹun fún wákàtí díẹ̀. Tọkọtaya kan gbé ọmọ ajá mẹ́ta, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan, wá bá mi rí nínú páálí. Èyí tó tóbi jù ń yún ara, ó sì ń wo ojú wa bí ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀. Àárín ń gbọ̀n. Èyí tó kéré jù, tí kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àyà rẹ̀ tutù bàlà nítorí itọ́. Oògùn kan náà ni wọ́n fi pa wọ́n, wọ́n sì pín in dọ́gba bí ẹni pín ẹran àkúnlẹ̀bọ. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Oògùn tó bófin mu pàápàá ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ wo fipronil, èyí tí à ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn: ike kékeré fún ajá tó wúwo láti kílò 2 dé 10 gba mílílítà 0.67, èyí tó wà fún ajá kílò 20 sí 40 sì gba 2.68, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin gééré. Ẹni tó bá ra ike ńlá nítorí pé owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti kékeré lọ, tó sì tú gbogbo rẹ̀ sí ọmọ ajá lára, ti fún un ní ìwọ̀n mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Bákan náà, a kì í kán an sí ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 tàbí tí kò tó kílò 2, nítorí náà ọmọ ajá tiyín kò tíì kúnjú ìwọ̀n rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀: ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo ìgò ti ní ìwé lára, ìròyìn tó tó 44,000 ló dé ọ̀dọ̀ EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, ní ọdún 2008 nípa ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fura pé oògùn tí à ń kán sí ara ṣe léṣe, ajá kéékèèké àti ológbò tí wọ́n fi oògùn ajá pa lára sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ní ti epo pupa, kí màmá má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un wá. Ajá tó ń gbọ̀n kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo a yọ́ gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ajá tó bọ́ lọ́wọ́ májèlé a wá kú lọ́wọ́ epo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí ló ń yòrò nínú ọ̀rá, epo tàbí wàrà sì lè mú kí ara tètè fà wọ́n. Ohun tí àbúrò yín ṣe ni kí ẹ máa ṣe: kí ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tí à ń fi fọ abọ́ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi aṣọ wé e kí òtútù má baà pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó súnmọ́ yín lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá jọ pé ara rẹ̀ ń balẹ̀.

Ṣé ewu ti kọjá? Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ti kọjá. Àmọ́ organophosphate lè fi àárẹ̀ ránṣẹ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́rin: ọrùn a rọ, ẹsẹ̀ iwájú a máa yẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe dúró. Ẹ tún ṣí ètè rẹ̀ kí ẹ wo èrìgì. Bí ó bá funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi sóbò, kì í ṣe oògùn ló fà á mọ́, eégbọn ni: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ tàbí kí wọ́n ti kó àrùn Babesia, èyí tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ràn án, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ti awọ tó pọ́n, oògùn ló jó o. Irun yóò hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má fi àdín pa á, ẹ má fi ohunkóhun pa á, àfi tó bá ń ṣọyún tàbí tó ń rin, tí dókítà sì fún yín ní nǹkan.

Àwọn eégbọn tó kù, ọwọ́ ni kí ẹ fi yọ wọ́n. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré di eégbọn mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, ẹ fà á tààrà láìlọ́ ọ, ẹ sọ ọ́ sínú ife kẹrosíìnì; kẹrosíìnì náà kò gbọdọ̀ kan ara ajá. Inú etí, abẹ́ ọrùn, àárín ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 8, tí awọ rẹ̀ ti san, kí dókítà wò ó kí ẹ tó kán fipronil tàbí selamectin sí i. Èmi a máa fún ajá tó ti rí irú èyí ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán kí n tó kán oògùn sí i. Ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ẹ fi gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin nìkan gùn ún, kí ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú fipronil àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọ̀rá awọ ló ń gbé e kiri ara. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gún un ní ivermectin tí wọ́n ń gún fún màlúù, ẹ kọ̀ ọ́: nínú àwọn Alsatian, a máa ń rí àwọn tí ìwà ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ kí oògùn yẹn wọ inú ọpọlọ.

Ẹ tún wo sàkání ilé, nítorí abo eégbọn kan lè yé ẹyin bí ẹgbẹ̀rún mélòó kan sínú ihò ògiri níbi tí ajá ń sùn. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, tí ẹ bá sì ní kí wọ́n wá fín in, ẹ gbé ọmọ ajá kúrò títí ibẹ̀ yóò fi gbẹ.

Bí ìgò kékeré yẹn bá ṣì wà, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òórùn rẹ̀ nìkan lè sọ orúkọ tí ẹni tó tà á fún yín kò sọ.