Ṣé àìtó èròjà inú oúnjẹ lè fa ìsoríkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè dá kún un, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìsoríkọ́ ló ti inú oúnjẹ wá.

Fítámì B12 ni mo máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ọpọlọ àti iṣan ara nílò rẹ̀, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà la sì ti ń rí i. Tó bá dín kù lára, inú èèyàn lè máa bàjẹ́ ṣáá, ó lè máa gbàgbé nǹkan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ṣe é bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Àwọn àgbàlagbà, àwọn tí kì í jẹ ẹran àtàwọn tó ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́ ló yẹ kó fura jù. Ẹ má kàn lọ ra folic acid, ìyẹn fítámì B9 tí wọ́n máa ń lò fún àìtó ẹ̀jẹ̀, lò o! Ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kí iṣan ṣì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Àìtó èròjà irin náà máa ń mú kó rẹ èèyàn, kí nǹkan sì sú u, pàápàá obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Fítámì D ńkọ́? Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, lórí àwọn èèyàn tó lé ní 18,000 tí wọ́n ti pé ẹni 50 ọdún, fi hàn pé lílò ó kò dènà ìsoríkọ́.

Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ṣùgbọ́n tó bá ń wá sọ́kàn yín pé kí ẹ pa ara yín, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò kankan, ẹ sọ fún ẹnì kan, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lónìí.