Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Ọ̀ṣọ́ Tó Ń Padà Sọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣe É

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àwọn tó ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ní ìlú kéékèèké ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nílùú tí gbogbo èèyàn ti mọra, ẹni tó ra ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ yín lánàá lẹ máa bá pàdé lọ́nà lọ́la. Bó bá já, ọ̀dọ̀ yín náà ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn wa fi dá lórí ibi tí nǹkan ti so mọ́ nǹkan ju orí ẹwà lọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ni mo máa ń sín, wáyà tó dára ni mo sì ń lò. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀gbà ọrùn mi ń já, ẹ̀bá ìkọ́ ni gbogbo wọn sì ti ń já. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì dá wáyà lẹ́bi. Ẹ̀bá ìkọ́ ni gbogbo ìwúwo ẹ̀gbà náà rọ̀ sí. Ẹ̀gbà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45 máa ń gba nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ 53 tó jẹ́ mìlímítà 8, bó bá sì jẹ́ òkúta, yóò wọn tó gíráàmù 35. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yíjú ni ìwúwo yẹn ń fi wáyà ha irin ìkọ́.

Ẹ mú èyí tó já, kí ẹ wo ẹnu wáyà náà dáadáa. Bí ẹnu rẹ̀ bá gé gérégé, crimp, ìyẹn irin kékeré oníhò tí a ń tẹ̀ mọ́ wáyà kó má baà yọ, ló gé e: ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí ẹ fi ẹ̀mú lásán tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ fi mú. Bó bá tú ní fọ́nrán-fọ́nrán, híha ló pa á: ihò ìlẹ̀kẹ̀ mú létí, tàbí wáyà ń fara gbo ìkọ́ láìsí ohun tó bò ó. Bí wáyà náà bá sì kán níbi tó ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹ sín in le jù.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Fún wáyà tó nípọn tó mm 0.38, ẹ lo crimp mm 2, kí ẹ sì ra wáyà onífọ́nrán 49 dípò onífọ́nrán 7 bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tó wúwo ni, torí ó máa ń rọ̀ ju èkejì lọ, kì í sì í tètè kán. Ẹ kọ́kọ́ ki wáyà bọ crimp, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìbòrí wáyà, ìyẹn irin kékeré tó dà bí ìdajì òrùka, bo ibi tí yóò ti ká. Ẹ fi kọ́ ìkọ́, kí ẹ wá dá wáyà padà sínú crimp. Ẹ̀mú crimp ní ihò méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi ihò tó ní eyín tẹ̀ ẹ́, kí wáyà méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gun ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i, kí ẹ fi ihò kejì ká a pọ̀ di róbótó. Ìrù wáyà tó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 2 nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn.

Kí ẹ tó tẹ crimp kejì, ẹ fi àyè mm 1 sí 2 sílẹ̀. Ẹ ká ẹ̀gbà náà sórí tábìlì: bó bá ń takú tí kò fẹ́ rọ, ó le jù. Ní ti okùn ìpẹja tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, a kì í gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀ fún òkúta. Ó máa ń fà, oòrùn máa ń sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́, kókó rẹ̀ sì máa ń yọ̀ tú.

Ìbéèrè: Mo wọn ọwọ́ oníbàárà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16. Mo fi 1 kún un kó lè rọrùn, àmọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ náà fún un. Òrùka mi náà máa ń kéré. Ṣé tépù mi ló ń purọ́ ni?

Ìdáhùn: Tépù yín kò ṣe nǹkan kan. Ìnípọn ohun tí ẹ ń ká ló ń jẹ àyè inú rẹ̀. Ẹ fi 3.14 sọ ìnípọn ìlẹ̀kẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi èyí tó jáde kún gígùn. Fún ìlẹ̀kẹ̀ mm 6, ẹ ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.9 kún 17 yín, ẹ̀gbà yóò sì jẹ́ 19. Fún ìlẹ̀kẹ̀ mm 10, yóò lé ní 20. Ọwọ́ kan náà ni o.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùka rí. Ẹ mú fífẹ̀ inú rẹ̀, ẹ fi ìnípọn irin kún un, kí ẹ wá fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí inú bá jẹ́ mm 17, tí irin sì jẹ́ 1.5, ẹ ó rí 18.5, gígùn irin tí ẹ máa gé á wá jẹ́ mm 58. Ẹ fi ìdajì mìlímítà lé e fún ohun tí fáìlì máa jẹ. Tí òrùka bá fẹ̀ ju mm 6 lọ, ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀ sí i, torí ó máa ń di ẹran ìka mú ju òrùka tín-ín-rín lọ. Ẹ má sì wọn ìka ẹnikẹ́ni láàárọ̀ kùtù nígbà òtútù. Ìka máa ń sún kì, tó bá di ọ̀sán, òrùka ò ní í bọ́ mọ́.

Ìbéèrè: Solder mi, ìyẹn irin tí mo ń yọ́ láti fi so fàdákà pọ̀, kì í ṣàn. Ó kàn ń ṣùjọ róbótó lórí fàdákà ni, tí mo bá sì fi iná kún un, fàdákà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìta gbangba lábẹ́ àtíbàbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ àtíbàbà yẹn la fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ ò lè rí pupa irin. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i pé ó pọ́n, ó ti gbóná kọjá ibi tó yẹ. Atẹ́gùn sì ń gbé ooru lọ, ẹ wá ń fi iná pípẹ́ dí i, flux, ìyẹn oògùn tí a ń fi pa ojú ìsopọ̀ kí solder lè ṣàn, á sì jóná tán kí irin tó gbóná tó. Ẹ wá igun kan tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí èéfín lè gbà jáde, kí ẹ fi bíríkì tí iná kì í bà jẹ́ dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ lé orí èédú, torí ó ń dá ooru padà sábẹ́ iṣẹ́.

Ibi tí ooru bá pọ̀ jù ni solder ń ṣàn lọ. Tí ẹ bá kọ iná sí solder fúnra rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ yọ́, irin tó tutù kò sì ní gbà á, ni yóò bá ṣùjọ. Gbogbo irin ni kí ẹ máa gbóná, pàápàá apá tó bá tóbi jù, kí iná máa yí i ká láìdúró lójú kan. Ẹ máa wo flux: yóò hó, yóò di funfun, yóò wá mọ́ gaara bíi dígí. Tó bá ti dé ibẹ̀, solder ò ní í pẹ́ ṣàn. Ìgbà yẹn lẹ lè wá darí iná sí ojú ìsopọ̀, kí ìlà kan sì tàn fẹ̀rẹ̀ yí i ká. Kíá, ẹ gbé iná kúrò.

Àmọ́ gbogbo èyí kò ní ṣiṣẹ́ bí ojú ìsopọ̀ kò bá pàdé. Solder kì í dí àlàfo. Ẹ gbé iṣẹ́ náà sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ padà sídìí fáìlì. Ẹ fi sáńpépà fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, nítorí òróró ìka. Solder tó fẹ̀ ní mm 1 péré tó fún ojú òrùka kékeré.

Tí iṣẹ́ kan bá ní ojú ìsopọ̀ mẹ́ta, ẹ fi solder líle ṣe àkọ́kọ́, ti àárín tẹ̀ lé e, èyí tó tètè ń yọ́ ló kẹ́yìn. Nǹkan bí 780, 750 àti 720 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ń ṣàn, nígbà tí fàdákà 925 fúnra rẹ̀ kò tó 900 tó fi yọ́ pátápátá. Àyè àṣìṣe kéré níbẹ̀.

Lẹ́yìn iná, ẹ fi omi gbígbóná ìdajì lítà po citric acid (ìyẹ̀fun kíkan) ṣíbí ìjẹun méjì, kí ẹ rẹ iṣẹ́ náà sínú rẹ̀ títí dúdú rẹ̀ fi kúrò. Ẹ má fi ẹ̀mú onírin mú un nínú omi yìí, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà irin tí ẹ fi dè é wọ inú rẹ̀, nítorí bàbà tó ti yọ́ sínú omi náà yóò lẹ̀ mọ́ fàdákà, yóò sì di pupa. Ẹ̀mú ike tàbí ti oparun ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Wọ́n gbé ẹ̀gbà fàdákà tí ẹlòmíì ti tún ṣe rí wá fún mi. Bí mo ṣe tan iná sí i báyìí, ibì kan jẹ wọlé ó sì lu ihò. Ṣé ayédèrú fàdákà ni?

Ìdáhùn: Kò dájú pé ayédèrú ni. Òjé ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi tún un ṣe tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń jó wáyà rédíò. Òjé tó ní tánganran nínú máa ń yọ́ láti 183 lórí ìwọ̀n Celsius, bí ẹ bá sì gbé ooru solder fàdákà dé bá a, ńṣe ló máa jẹ fàdákà náà wọlé. Kí ẹ tó tan iná sí ohunkóhun tí wọ́n ti tún ṣe rí, ẹ fi àbẹ́rẹ́ ha ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Bó bá rọ̀, tó sì ní àwọ̀ eérú, ẹ ha á kúrò pátápátá, kí ẹ sì fọ fáìlì tí ẹ lò kó má baà kó bá iṣẹ́ mìíràn.

Tí iyùn, ìlẹ̀kẹ̀ inú òkun (péálì) tàbí òkúta turquoise bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò kí iná tó dé. Bí wọn kò bá ṣeé yọ, ẹ fi ìṣó kékeré kàn án pọ̀ dípò iná: wáyà mm 1, kí ìdajì mìlímítà yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá fi òòlù kékeré tẹ ẹnu rẹ̀ yíká díẹ̀díẹ̀. Omi citric acid náà kò gbọdọ̀ kan iyùn, yóò jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Yẹtí mi ń mú etí àwọn oníbàárà yún. Ẹlẹ́ran ọ̀sìn ni àdúgbò mi, fàdákà mi náà sì ń tètè dúdú.

Ìdáhùn: Nickel, irin kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ irin mìíràn, ló sábà ń fa ìyún yẹn, ó sì lè fara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀ wúrà tàbí fàdákà. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè fi í hàn dájú. Oògùn ìdánwò nickel wà tí a ń fi òwú pa lára irin. Bí òwú bá di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, nickel ń jáde lára rẹ̀. Ẹ lo irin titanium tàbí niobium fún ohun tó ń wọ inú ihò etí, kí wáyà rẹ̀ nípọn tó mm 0.8, kí ẹ sì fi sáńpépà dídán yí ẹnu rẹ̀ ká.

Ní ti dúdú, atẹ́gùn tó ní sulphur (imí ọjọ́) ló fà á, irú èyí tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹran. Rọ́bà àti aṣọ onírun náà ń fà á. Inú ọ̀rá tó ṣeé pa ẹnu rẹ̀ dé ni kí ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ sí, ní ẹyọ kan sí ọ̀rá kan. Bí ó bá ti dúdú, ẹ tẹ́ bébà aluminium sínú abọ́, ẹ gbé fàdákà lé e kó fara kàn án, ẹ bu ṣíbí ìjẹun baking soda kan sí i, kí ẹ wá da omi gbígbóná lé e. Ẹ má ṣe é fún ohun tó ní iyùn tàbí ìlẹ̀kẹ̀ inú òkun, tàbí èyí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ di dúdú.

Ìbéèrè: Ojúlùmọ̀ ni gbogbo oníbàárà mi. Wọ́n á ní kí n "kàn bá wọn fi ọwọ́ kàn án," wọn kò sì ní sanwó. Báwo ni mo ṣe máa dá owó lé àtúnṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ ẹ̀bùn ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Kí ohun ọ̀ṣọ́ tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, ẹ ka òkúta ara rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta yìí ń mì, ìkọ́ yìí ti jẹ. Tó bá ń gbà á padà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nílùú kékeré, ìfura pé ẹ gé nínú wúrà èèyàn ń ba orúkọ jẹ́ ju iṣẹ́ tí kò dára lọ.

Ẹ dá iye kan lé wákàtí yín, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú iye tó kéré jù tí ẹ máa gbà kí ẹ tó tan iná. Ogún ìṣẹ́jú ni ìsopọ̀ kan dà bí ẹni pé ó ń gbà lójú oníbàárà. Fífọ̀, rírẹ sínú omi àti dídán máa ń sọ ọ́ di wákàtí kan. Ẹ kó àtúnṣe jọ sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, torí omi gbígbóná kan àti ìtanná kan náà ló máa ṣe gbogbo wọn. Èyí tí ẹ bá fẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹbí, ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó kọ "lọ́fẹ̀ẹ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín jó tó bá ṣí, ẹ tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Ibi tí a ti ń ra nǹkan iṣẹ́ jìnnà sí wa. Kí ni kò gbọ́dọ̀ tán nílé?

Ìdáhùn: Ayùn kéékèèké, solder, flux àti gáàsì. Ayùn 2/0 ló wúlò jù fún irin tó tó mm 0.8 sí 1, kí eyín rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ àti síta. Ẹ fi àmì sára solder kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má baà dàrú. Àwọn òrùka ìsopọ̀ kéékèèké, ẹ má rà wọ́n mọ́. Ẹ ká wáyà mm 1 mọ́ ọ̀pá mm 4, kí ẹ fi ayùn gé e gba gígùn rẹ̀; mítà kan á fún yín ní nǹkan bí 60. Tí ẹ bá ń ṣí wọn, ẹ yí ẹnu kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn. Tí ẹ bá fà wọ́n sọ́tùn-ún sósì, wọn kò ní padà di róbótó.

Ẹ ta awọ sábẹ́ tábìlì kó máa gba eruku fàdákà. Igò kan fún fàdákà mímọ́, òmíràn fún èyí tó ní solder, ìkẹta fún idẹ àti bàbà. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì yọ ẹnu ayùn tó kán nínú wọn kí ẹ tó tà wọ́n fún ẹni tó máa yọ́ wọn.